Fífi Fọ́lúùmù SAN Wé Dísìkì Orí Sáfà: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀nà Ìdánimọ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn alábòójútó sáfà ń gbà mọ dísìkì tó jẹ́ ti fọ́lúùmù kan nínú ètò ìpamọ́ SAN: orúkọ tí sáfà fún dísìkì, ìwọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà LUN, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí fọ́lúùmù fúnra rẹ̀ ń jẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ló tó ẹ̀rí. Atọ́ka lásán ni mẹ́ta yòókù.

1. Ìfáárà

Nínú ètò SAN, dísìkì kì í gbé inú sáfà tó ń lò ó. Inú àpótí ìpamọ́ kan ni dátà wà, Fibre Channel tàbí iSCSI ló sì ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ sáfà. Ẹni tó ń bójú tó àpótí á dá fọ́lúùmù sílẹ̀, á sì fún un lórúkọ tó wù ú. Ẹni tó ń bójú tó sáfà kì í sábà rí orúkọ yẹn. Orúkọ tí sáfà fún dísìkì, bíi sdf, ló máa rí. Bó bá ṣi sdf mú, tó sì pàṣẹ mkfs, tó ń dá ètò fáìlì tuntun sílẹ̀, lé e lórí, dátà tí kì í ṣe tirẹ̀ ló bà jẹ́. Kí wá ni àwọn méjèèjì lè jọ wò tí wọn ò fi ní ṣìnà?

2. Orúkọ, ìwọ̀n àti nọ́ńbà LUN

Lórí Linux, bí dísìkì bá ṣe ń yọjú ni wọ́n ń gba sda, sdb títí dé sdz, kó tó kan sdaa. Bí wọ́n bá pa sáfà tí wọ́n sì tún tàn án, sdf àná lè di sdh lónìí. AIX ní tirẹ̀ ń tọ́jú orúkọ hdisk, ṣùgbọ́n hdisk4 lórí sáfà kan lè jẹ́ hdisk7 lórí èkejì.

Ìwọ̀n kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń lo Oracle ASM sábà máa ń béèrè dísìkì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, nítorí náà mẹ́wàá lè jọra bí ìbejì.

Ní ti nọ́ńbà LUN, àpótí ló ń pín in fún sáfà kọ̀ọ̀kan. Fọ́lúùmù kan náà lè jẹ́ 5 lójú sáfà kan, kó jẹ́ 9 lójú òmíràn. Ewu tó tún wà níbẹ̀ ni pé a lè gba 5 lọ́wọ́ fọ́lúùmù àtijọ́ kí a fi fún tuntun, nígbà tí sáfà ò tíì nu ti àtijọ́ kúrò.

3. Nọ́ńbà ìdánimọ̀

Ìlànà SCSI fàyè gba sáfà láti bi dísìkì léèrè ẹni tó jẹ́. Ojú ìwé 0x83 ni ìdáhùn náà wà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lórí àwọn àpótí ńlá ni NAA irú 6: bíìtì 128, tí a ń kọ ní àmì hẹ́sà (hexadecimal) 32. Àmì àkọ́kọ́ ni 6. Mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é: 00a098 jẹ́ ti NetApp, 24a937 ti Pure Storage, 005076 ti IBM.

Ibi méjì ni ènìyàn ti sábà máa ń kọsẹ̀. Àṣẹ "multipath -ll" lórí Linux máa ń fi 3 ṣáájú nọ́ńbà yìí, ó ń fi sọ pé irú NAA ni. Ẹni tó bá wá 3600a0980… lórí àpótí kò ní rí i. Kó yọ 3 náà kúrò. Èkejì wà lórí NetApp: lẹ́tà àti àmì 12 ni àpótí ń fi hàn dípò nọ́ńbà yìí. A gbọ́dọ̀ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí nọ́ńbà ASCII rẹ̀ ní hẹ́sà, kí lẹ́tà A di 41, kí a tó fi gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé 600a0980. Méjìlá náà á di 24. Pẹ̀lú 8 tó ṣáájú, 32 pé.

Lórí Windows, UniqueId tí Get-Disk ń fi hàn ni a máa wò, ESXi ní tirẹ̀ ń kọ "naa." síwájú. Kí a má sì fi WWPN alámì 16 ṣe é: ojú ẹnu ọ̀nà Fibre Channel ló ń dá mọ̀, kì í ṣe fọ́lúùmù.

4. Ọ̀nà púpọ̀ àti ẹ̀dà

Bí sáfà bá ní ẹnu ọ̀nà méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dé ẹnu ọ̀nà méjì lára àpótí, fọ́lúùmù kan á yọjú lẹ́ẹ̀mẹ́rin: sdb, sdc, sdd, sde. Nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn á dá lóhùn, òun sì ni multipath fi ń so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan.

Òdìkejì èyí ni ẹ̀dà. Ẹ̀dà fọ́lúùmù kan ń gbé UUID ètò fáìlì àti ti LVM ti àtilẹ̀bá dání bó ṣe wà, débi pé XFS kì í gbà kí a so méjèèjì mọ́ sáfà kan pọ̀ láìlo àṣàyàn nouuid. Nọ́ńbà ojú ìwé 0x83 wọn yàtọ̀ síra. Àfi níbi tí àpótí méjì mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ nọ́ńbà kan, bíi nínú SRDF/Metro, kí ọ̀kan lè rọ́pò èkejì bó bá kú.

5. Àgbálọgbábọ̀

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ nìkan ni ohun tí àpótí àti sáfà jọ mọ̀, tí a kò sì fi ipò tàbí àsìkò pín. Nítorí náà, kí ẹni tó dá fọ́lúùmù sílẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ àti ìwọ̀n, kí ẹni tó gbà á sì kà á lórí sáfà kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí a bá fẹ́ gba fọ́lúùmù padà, sáfà ni kó kọ́kọ́ tú u sílẹ̀: umount, lẹ́yìn náà "multipath -f", kí a pa sd kọ̀ọ̀kan rẹ́, kí àpótí tó gé e kúrò.