Supacell àti ọ̀rọ̀ orí: ṣé ohun tí a yàn là ń jẹ, àbí ohun tí wọ́n yàn fún wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Rye Lane, níbi téèyàn ti lè máa gbọ́ ariwo ọkọ̀ ojú irin Peckham Rye, ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ gẹ irun mi lọ́jọ́ Sátidé kan, mo bá wọn lẹ́nu àríyànjiyàn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù náà ni, àṣé eré tẹlifíṣọ̀n ni. Ọmọkùnrin kan ń sọ pé kò sí ohun tí Michael ì bá ṣe, pé ikú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti wà lákọsílẹ̀. Bàbá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní irọ́ ni, Michael ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ara ẹ̀. Onígbàjámọ̀ náà gbé kílípà sókè kó lè dá sí i, ó fi èmi sílẹ̀ níbẹ̀, ìdajì orí mi ló tíì gẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju eré lọ, torí ó kan ilé tèmi gan-an. Màá débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò tíì wò ó. Ẹni tó bá sì fẹ́ wò ó fúnra rẹ̀, kó yáa mọ̀ pé màá sọ bó ṣe parí.

Kí ni Supacell?

Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni Netflix gbé e jáde, apá mẹ́fà ni. Rapman ló ṣe é. Orúkọ rẹ̀ gangan ni Andrew Onwubolu, ọmọ Deptford níbí ni, òun náà ló ṣe fíìmù Blue Story ní 2019. Ní oṣù kẹjọ 2024, Netflix kéde pé àwọn yóò ṣe òmíràn tẹ̀ lé e.

Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni. Èèyàn márùn-ún, aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí ni wọ́n ń gbé. Wọn ò mọ ara wọn rí. Àfi bí agbára àrà ọ̀tọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára wọn. Sabrina, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, lè gbé nǹkan láì fọwọ́ kàn án. Andre ní agbára bíi ti erin. Rodney ń sáré ju mọ́tò lọ. Tazer lè di aláìrí. Michael Lasaki, awakọ̀ tó ń kó ẹrù káàkiri fún àwọn oníbàárà, lè dá àkókò dúró, ó sì lè lọ sí ọjọ́ iwájú. Tosin Cole ló ṣe Michael, Adelayo Adedayo ló ṣe Dionne, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹ ò rí i pé orúkọ ilé wa ni? Kì í ṣe pé ó jẹ́ tuntun pàápàá: John Boyega, ọmọ Peckham, ti bá àwọn ẹ̀dá ojú ọ̀run jà nínú Attack the Block láti 2011.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Michael dé ọjọ́ iwájú, ó gbọ́ níbẹ̀ pé láàárín oṣù mẹ́ta, Dionne yóò kú. Ó padà wálé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn mẹ́rin yòókù kí wọ́n lè jọ dá ikú yẹn dúró. Ó rí wọn. Wọ́n jà. Dionne kú síbẹ̀síbẹ̀.

Ohun tí àwọn tó wò ó ń sọ

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi àwọn èèyàn léèrè, ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìkómọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni èrò wọn pín sí.

Àwọn àkọ́kọ́ ní àyànmọ́ ò gbóògùn. Ohun tó bá ti wà lọ́jọ́ iwájú ti wà náà nìyẹn, gbogbo sísá tí Michael ń sá sókè sá sódò, ara ìrìn tó máa gbé e débẹ̀ ni. Ẹni tó bá wo Devs, tí Alex Garland ṣe ní 2020, yóò rántí irú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tó ń fi ọjọ́ iwájú hanni bí ìgbà téèyàn ń wo fíìmù. Lily rí ohun tóun máa ṣe, ó kọ̀ ọ́, ó sọ ìbọn nù. Síbẹ̀, ó kú. Ọ̀nà yí padà, ibi tí ọ̀nà já sí ò yí.

Àwọn kejì ni bàbá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn. Wọ́n ní ká ní Michael jókòó jẹ́ẹ́, bóyá ìjà tó gbẹ̀yìn ò ní sí. Bàbá náà rán mi létí Ọdẹ́wálé nínú The Gods Are Not to Blame, eré Ọlá Rótìmí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968. Ifá sọ pé ọmọ náà yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣaya. Nígbà tó dàgbà tó gbọ́, ó sá kúrò nílé àwọn tó tọ́ ọ kó má baà rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó sá lọ gan-an ló ti pàdé bàbá tó bí i, tí ọ̀rọ̀ oko iṣu dá ìjà sílẹ̀, tó sì pa á. Ifá sọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ta ló bínú? Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ sọ nígbẹ̀yìn pé kí wọ́n má di ẹ̀bi ru àwọn òrìṣà.

Ẹnì kẹta, ìyá kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin, ariwo àkókò lẹ̀ ń pa. Ẹ ò rí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú eré yẹn ni?" Òótọ́ ló sọ. Nínú Supacell, ohun tó so àwọn márùn-ún pọ̀ ni pé òbí kọ̀ọ̀kan wọn ní àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde, tí àwọn òyìnbó ń pè ní sickle cell. Ara ẹ̀jẹ̀ yẹn ni agbára wọn ti wá. Wọn ò yàn án.

Kí ni àwọn baba wa sọ?

Àwọn baba wa ò dúró sápá kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962, to ọ̀nà mẹ́ta tí ìpín fi ń kan èèyàn: àkúnlẹ̀yàn, ohun téèyàn kúnlẹ̀ tó fẹnu ara rẹ̀ yàn, àkúnlẹ̀gbà, ohun tó kúnlẹ̀ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, àti àyànmọ́, ohun tí wọ́n yàn mọ́ ọn. Ìkúnlẹ̀ kan náà, ọ̀nà mẹ́ta.

Ìtàn Ifá kan tún wà, ti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá: Oríṣéèkú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Àfùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú, wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú láì bi ẹnikẹ́ni. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí wọn sì bàjẹ́. Àfùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó béèrè ọ̀nà, ó sì bá Àjàlá san gbèsè. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló bá a yan orí rere. Ẹ wò ó dáadáa: ojú ò lè mọ orí tó dára nínú wọn. Ohun tó ya Àfùwàpẹ́ sọ́tọ̀ ni pé ó béèrè kó tó mú.

Ibi tó ti kan ilé mi

Èmi fúnra mi, AS ni mí. Àbúrò mi ọkùnrin, SS ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló kú, nílé, kí n tó wá síbí. Bàbá àti ìyá mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ jẹnótáìpù nígbà tí wọ́n fẹ́ra. Àbíkú ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Ìyá mi ní kádàrá ni, ó sì gbé e mì bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn eré yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá sílé mi. Òun náà AS ni, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́, AS ni. Ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ wò ó, Michael gbìyànjú títí, kò yí nǹkan kan padà. Ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀ á ṣẹlẹ̀."

Mo ní kó jókòó. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS, ìdá méjì pé yóò jẹ́ AS, ìdá kan pé yóò jẹ́ AA. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí o! Kì í ṣe pé téèyàn bá bí mẹ́rin, ẹyọ kan ló máa ṣàìsàn. Ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè bọ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lè ní in. Ní Nàìjíríà, bíi ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni.

Níbí, èèyàn lè lọ bá dókítà rẹ̀ kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó ṣègbéyàwó. Àyẹ̀wò wà fún aláboyún, ó sì dára kó tètè ṣe é kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Láti 2006 ni wọ́n ti ń ṣe é fún ìkókó káàkiri England, tí wọ́n ń gún gìgísẹ̀ wọn lábẹ́rẹ́. Ìtọ́jú tuntun tí wọ́n ń pè ní Casgevy náà ti dé: wọ́n á mú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á dá a padà sí i lára. Oṣù kọkànlá 2023 ni ìjọba Bìrìtìkó fọwọ́ sí i, àwọn ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Oṣù kìn-ín-ní 2025 ni wọ́n gbà kí NHS ní England máa fún àwọn kan tó ti pé ọdún 12 tí àìsàn náà ń dá wọn gúnlẹ̀ léraléra. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló máa rí i gbà, ìtọ́jú náà sì le fún ara.

Mo wá sọ fún un pé, "Ohun tí ìyá mi gbà lórí ìkúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í. Ìwọ, wọ́n ti bi ọ́. Ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín yín, kò sì kéré."

Kò dáhùn. Ó gbé tíì rẹ̀, ó mu ún tán. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun àti ọkùnrin náà jọ lọ rí àwọn tó ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ṣe, wọn ò tíì sọ fún mi, mi ò sì bi wọ́n. Tiwọn ni.

Ní ti Michael, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò lè mọ̀ kó káwọ́ gbera. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹni tí kò bá tíì mọ jẹnótáìpù rẹ̀, kó lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí, kó tó kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó dàbọ̀ o.