Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Sàró àti Àwọn Ọmọ Wa Tí Ó Kàwé Níbẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti ní ẹ̀yìn odi, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wí pé òyìnbó ni ó gbé ìwé wá fún wa. Ọ̀rọ̀ náà kò pé. Ẹni tí ó bá dé Freetown, tí ó sì béèrè ìtàn Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay, yóò rí i pé àwọn ọmọ wa tí a tà lẹ́rú wà lára àwọn tí ó gbé e wá.

Ọdún 1827 ni Ẹgbẹ́ C.M.S. dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀ láti kọ́ àwọn olùkọ́ àti oníwàásù. Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, tí ayé wá mọ̀ sí Samuel Crowther, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ní 1821 ni ogun kó o nílé. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ ní Sàró. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn èyí ni ọmọ tí a ti so lókùn jókòó ti ìwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì! Nígbà tí ó yá, òun náà di olùkọ́ níbẹ̀. Ní 1843 ó gba oyè àlùfáà, ìwé rẹ̀ lórí èdè Yorùbá sì jáde ní ọdún kan náà.

Akú ni àwọn ará Sàró ń pe àwọn ènìyàn wa, nítorí ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn tí kì í tán lẹ́nu wa. Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà tí ń bá ara wọn jagun nílé, ìkíni kan náà ni ó sọ wọ́n di ọ̀kan ní ìdálẹ̀. Olùkọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, Koelle ará Jámánì, lo ànfààní yìí: ó pe àwọn tí a gbà lóko ẹrú jọ, ó sì kọ ọ̀rọ̀ èdè tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Ní 1854 ni a tẹ ìwé rẹ̀ jáde.

Ní 1876 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà so mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè gba oyè Durham láìkúrò ní Áfíríkà. Kò sí ibòmíràn bẹ́ẹ̀ fún wa nígbà náà. Níbẹ̀ ni Isaac Olúwọlé ti kàwé. James Johnson, ọmọ àwọn Yorùbá tí a gbà lóko ẹrú, ti kàwé níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì di bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin pẹ́ kí ọ̀nà tó là fún wọn, ó sì pẹ́ jù lójú tèmi: 1938 ni Lati Hyde-Forster, obìnrin àkọ́kọ́, tó gba oyè níbẹ̀.

Bí ìwé àtijọ́ bá wà nínú àpótí ìdílé yín láti ọwọ́ àwọn baba tí ó ti Sàró bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi han akọ̀wé Ẹgbẹ́ wa kí ikán tó mú un.

Ilé òkúta pupa tí a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1845 ṣì wà ní Cline Town. Wọ́n máa ń wí níbẹ̀ pé igi ọkọ̀ ẹrú ni a fi ṣe òrùlé rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣí lọ sórí Òkè Aureol, níbi tí ó wà títí di òní. Ilé àtijọ́ náà di ti rélùwéè, ó sì di ilé ẹjọ́. Ní 1999, ní àkókò ogun abẹ́lé, iná jó o, òrùlé náà sì bá a lọ.