Jíjá Ọmọ Lẹ́nu Ọmú Ṣáájú Oògùn: Ìtọ́jú Egungun Tó Wó Lẹ́yìn Ìbímọ

Láti ọdún 1955 tí àwọn olùwádìí Nordin àti Roper ti kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí egungun ẹ̀yìn wọn wó láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n bímọ, àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn oníṣègùn kò rí aláìsàn tó pọ̀ tó kó jọ láti fi ìtọ́jú kan wé òmíràn bó ṣe yẹ. Ìyá ọmọ á bẹ̀rẹ̀ gbé ọmọ kúrò nínú baafù, ìrora á gún un lẹ́yìn. Àwọn ará ilé á ní bí ẹ̀yìn abiyamọ ṣe máa ń ro ni, títí fọ́tò X-ray yóò fi hàn pé egungun méjì mẹ́ta ti wó lé ara wọn. Lójú tèmi, kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú ló yẹ kó ṣáájú, kí oògùn líle wà fún àwọn díẹ̀ tí èyí kò bá tó fún.

Ọmú gan-an ló ń tú èròjà tí wọ́n ń pè ní PTHrP sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń mú kí egungun máa yọ́ kálísíọ̀mù sílẹ̀ fún wàrà, nǹkan bíi 200 mílígíráàmù lójúmọ́. Kálísíọ̀mù oníhóró kò lè dá a dúró. Ní Keneba ní orílẹ̀-èdè Gambia, níbi tí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ ti kéré gan-an, olùwádìí Prentice fún àwọn ìyá ní àfikún rẹ̀, síbẹ̀ egungun wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò gbà á. Ní Amẹ́ríkà, olùwádìí Kalkwarf rí i lọ́dún 1997 pé egungun ẹ̀yìn àwọn tó lò ó fi 4.2% dínkù, ti àwọn tí kò lò ó fi 4.9%. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti kúrò lẹ́nu ọmú, egungun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún, nígbà mìíràn kódà lára àwọn tí ẹ̀yìn wọn ti wó.

Àwọn kan á ní ẹ̀tọ́ ọmọ ni ọmú, pàápàá níbi tí omi tó mọ́ ti ṣòro láti fi po wàrà inú agolo. Òótọ́ ni, ó sì wúwo lọ́kàn mi. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn yìí kò fi kan ìyá tí egungun rẹ̀ pé, nítorí ohun tó pàdánù á padà. Àwọn mìíràn á ní oògùn ń yára gbé egungun ró. Ṣùgbọ́n èwo nínú ohun tó padà ni ti oògùn, èwo ni ti ara fúnra rẹ̀, nígbà tí a kò tíì fi àwọn tó lo oògùn wé àwọn tí kò lò ó bó ṣe yẹ? Àwọn oògùn bisphosphonate máa ń pẹ́ nínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì lè kọjá sínú oyún tó ń bọ̀; bí a bá dá oògùn denosumab dúró, egungun ẹ̀yìn lè tún wó. Oògùn teriparatide, tí kì í pẹ́ lára, ni mo gbà pé ó tọ́ sí ẹni tí egungun rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́ lẹ́yìn tó ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, lẹ́yìn tí a bá ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn heparin tàbí steroid tó ti lò rí ló fa ìṣòro náà.