Ìléru Ẹ̀yìn Ilé: Ta Ló Ń Fa Èéfín Rẹ̀ Símú?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èéfín ní tirẹ̀ kì í wá ẹni tó dá iná lọ. Ibi tí atẹ́gùn bá gbé e gbà ló ń lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni ìtàn tí a mú wá fún yín lónìí dá lé: ìtàn ìléru onígi tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń gbé sẹ́yìn ilé láti fi mú inú ilé móoru.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọyẹ́ bá mú, aṣọ ìbora àti omi gbígbóná ti tó. Ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Minnesota, Vermont àti Maine, òtútù máa ń sọ omi di yìnyín nínú páìpù, ó sì lè pa ẹni tó bá sùn sínú ilé tí kò ní iná. Láyé àtijọ́, inú ilé gan-an ni wọ́n ti ń dáná, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ooru rẹ̀ ló ń bá èéfín jáde lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1742, Benjamin Franklin ṣe ààrò onírin kan kí ooru lè pọ̀ nínú yàrá, kí igi tí wọ́n ń jó sì dínkù. Nígbà tó yá, èédú, epo àti gáàsì gba ipò igi nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1973 ni nǹkan yí padà. Àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń wa epo kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà nítorí pé ó gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì nínú ogun ọdún náà. Láàárín oṣù díẹ̀, àgbá epo kan tó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 3 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dọ́là 12. Ọ̀wọ́ngógó yìí kan náà ló kó owó sí àpò ìjọba Gowon nílẹ̀ wa. Ẹ bi àwọn bàbá àti ìyá wa àgbà léèrè nípa owó Udoji tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbà ní 1975. Bí wọ́n ṣe ń ná owó yẹn níbí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń wo iye epo tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná, tí wọ́n ń mirí. Nígbà tí ìyípadà ìjọba ní Ìráànù tún mú kí epo gbówó lórí ní 1979, ọ̀pọ̀ ti padà sídìí igi.

Igi kò wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ní igbó, ṣùgbọ́n iná igi nínú ilé ní wàhálà tirẹ̀: eérú, èéfín, àti ẹ̀rù pé ilé lè jó. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ronú pé kí wọ́n gbé iná jáde. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun pátápátá. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ máa ń dáná sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀, tí ooru yóò sì gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé. Ẹrú ló ń kó igi sí i. Ẹni tó ń wẹ̀ gba ooru, ẹrú gba èéfín.

Ìléru ti Amẹ́ríkà jọ ahéré kékeré onírin. Àyè iná wà nínú rẹ̀, omi sì yí àyè iná náà ká. Bí omi bá gbóná, pọ́ǹpù á tì í gba inú páìpù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lọ sínú ilé; á fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, á sì padà wá gbóná. Onílé lè kó ìtì igi ńlá sí i lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó sì sùn wọra. Kò sí eérú nínú pálọ̀.

Ṣùgbọ́n bí omi bá ti gbóná tó, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń gba atẹ́gùn fún iná á padé. Iná ò kú, kò sì jó dáadáa. Á kàn máa rú èéfín ni. Omi tó yí i ká kì í sì í jẹ́ kó gbóná débi tí yóò fi jó èéfín ara rẹ̀ tán. Páìpù èéfín púpọ̀ nínú wọn kúrú, nítorí náà, ojú fèrèsé aládùúgbò ni èéfín ń gbà. Ọmọ tó ní ikọ́ fée nínú ilé kejì kò bá wọn dáná, òun ló sì ń wúkọ́.

Òfin pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ṣòfin lórí ààrò onígi ní 1988, wọn kò fi ìléru ìta kún un. Vermont ṣe tirẹ̀ ní 1997: ìléru tuntun gbọ́dọ̀ jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ sí ilé ẹlòmíràn. Ní 2005, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York gbé ìwádìí jáde lórí èéfín wọn. Ọdún 2015 ni òfin ìjọba àpapọ̀ tó kàn wọ́n, ó sì tún le sí i ní 2020. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá ń ṣe ní tuntun ni òfin yìí mú. Èyí tó ti wà lẹ́yìn ilé tẹ́lẹ̀ ṣì ń rú èéfín lọ.

A kò dá àgbẹ̀ tó ń fi igi oko rẹ̀ yáná lẹ́bi. Òtútù kì í ṣe ohun àfiṣeré, epo sì wọ́n. Ohun tí a rí kọ́ ni pé gbígbé iná jáde kò pa èéfín. Ẹni tí yóò fà á símú nìkan ló yí padà. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ilé ìdáná ẹ̀yìn ilé gba pálọ̀ baálé lọ́wọ́ èéfín, ṣùgbọ́n ojú àwọn ìyá wa ni èéfín náà wọ̀. Lónìí, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní “I better pass my neighbour” wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ yàrá akẹ́kọ̀ọ́. Kí a tó tan tiwa lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò: fèrèsé ta ni ẹnu páìpù rẹ̀ kọjú sí?