Ọrun Gígùn Tàbí Ọrun Olórí-Títẹ̀: Ohun Tí Ìtàn Sọ Fún Wa

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ní Àbíjàn bẹ̀ wá pé kí a fi ọfà títa kún eré ìdárayá ọjọ́ ọdún ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n bí a ti gbà tán ni àríyànjiyàn dé: irú ọrun wo ni kí a rà? Àwọn kan ní longbow ni ọrun ìbílẹ̀ gidi. Àwọn mìíràn ní recurve ni gbogbo ayé ń lò. Owó ẹgbẹ́ ni a fẹ́ ná, owó ẹgbẹ́ kì í sì í ṣe owó ẹnìkan. Nítorí náà ni a ṣe wo ìtàn kí a tó wo ọjà.

Kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé. Longbow ni ọrun gígùn, ọ̀pá igi tí ó ga tó ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó tẹ̀ ní ìtẹ̀ kan ṣoṣo nígbà tí a bá fi ọsán dè é. Recurve ni ọrun olórí-títẹ̀. Orí rẹ̀ méjèèjì tún tẹ̀ padà síwájú, sí ìhà ibi tí ọfà ń lọ. Ìtẹ̀ yìí a máa fi agbára kún un, tó bẹ́ẹ̀ tí ọrun kúkúrú fi lè ta ọfà jìnnà bí ọrun gígùn, nígbà mìíràn kí ó tilẹ̀ jù ú lọ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ọrun gígùn lókìkí jù. Ní Crécy ní ọdún 1346 àti ní Agincourt ní ọdún 1415, àwọn tafàtafà wọn ba àwọn jagunjagun Faransé tí wọ́n wọ ẹ̀wù irin jẹ́. Igi yew ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọrun náà. Ọgbọ́n tí ó wà nínú igi yìí ni pé funfun ara rẹ̀, tí ó wà lábẹ́ èèpo, kì í tètè já bí a bá nà án. Pupa inú rẹ̀ kì í sì í tètè fọ́ bí a bá fún un pọ̀. Agbẹ́run a fi funfun sí ìhà iwájú, a fi pupa sí ìhà ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta á.

Ní ọdún 1545, ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Mary Rose rì nítòsí Portsmouth. Ọdún 1982 ni wọ́n gbé e jáde kúrò nínú òkun. Odindi ọrun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ lé ní 130, ọfà sì lé ní 3,500. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣírò agbára àwọn ọrun náà sọ pé èyí tí ó rọ̀ nínú wọn gba agbára bíi kílò 45 láti fà, èyí tí ó le jù sì lé ní kílò 80. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta sìmẹ́ńtì mọ̀ pé àpò kan jẹ́ kílò 50. Ẹ rò ó wò, kí ènìyàn máa fi ìka ọwọ́ fa àpò sìmẹ́ńtì kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, léraléra, lójú ogun!

Ibí yìí ni àwa oníṣòwò ti rí ẹ̀kọ́ tiwa. Igi yew tí ó dára kò tó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Ní ọdún 1472, wọ́n ṣe òfin pé ọkọ̀ oníṣòwò tí ó bá ń bọ̀ láti Venice àti àwọn ibòmíràn tí igi ọrun ti ń wá gbọ́dọ̀ kó igi ọrun mẹ́rin dání fún tọ́ọ̀nù ẹrù kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni agbára ọba ṣe wà lọ́wọ́ ọjà ẹlòmíràn. Ìṣòro kejì ni ìdánrawò. Ní ọdún 1363, Ọba Edward Kẹta pàṣẹ pé kí àwọn ọkùnrin máa ta ọfà ní ọjọ́ ìsinmi, kí wọ́n jáwọ́ nínú bọ́ọ̀lù gbígbá àti àkùkọ jíjà. Ẹni tí ó bá ronú yóò mọ̀ pé ọba kì í ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ bí àwọn ènìyàn kò bá ti ń fi ọfà sílẹ̀ lọ sídìí bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ìhà ìlà-oòrùn, lọ́dọ̀ àwọn Mongol àti àwọn ará Tọ́kì. Orí ẹṣin ni àwọn wọ̀nyí ti ń jà. Ọrun tí ó ga tó ènìyàn kò ṣe é yí sọ́tùn-ún sósì lórí ẹṣin. Ohun tí wọ́n ní lọ́pọ̀lọpọ̀ ni ẹran ọ̀sìn. Wọ́n mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n lẹ ìwo ẹran mọ́ ìhà ọ̀dọ̀ tafàtafà, wọ́n lẹ iṣan ẹran mọ́ ìhà iwájú, wọ́n sì tẹ orí rẹ̀ méjèèjì. Ìwo ni ó ń gba ìfúnpọ̀, iṣan ni ó ń gba ìnà. Ṣíṣe ọ̀kan nínú ọrun Tọ́kì lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àtè rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn tí Sultan Mehmed Kejì gba ìlú Istanbul ní ọdún 1453, wọ́n ya pápá kan sọ́tọ̀ fún àwọn tafàtafà. Okmeydanı ni orúkọ rẹ̀. Òkúta ni wọ́n ń rì síbi tí ọfà akọni bá balẹ̀ sí, àwọn kan sì ta ọfà kọjá mítà 800.

Àwọn ọrun méjèèjì pàdé ní London ní nǹkan bí ọdún 1795. Mahmud Efendi, akọ̀wé aṣojú ilẹ̀ Tọ́kì, mú ọrun kúkúrú tirẹ̀ jáde níwájú àwọn tafàtafà Gẹ̀ẹ́sì. Ọfà rẹ̀ lọ ju mítà 400 lọ. Ẹnu yà wọ́n, nítorí ọrun gígùn tiwọn kì í gbé ọfà débẹ̀.

Ṣé a ó wá sọ pé ọrun Tọ́kì borí pátápátá? Rárá o. Ọ̀tá àtè ni ọ̀rinrin. Nínú òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọrun tí a lẹ̀ lè tú, ṣùgbọ́n ọrun igi kan ṣoṣo kò ní ohun tí yóò tú. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn kò sì ní kí ọrun má gùn. Ilẹ̀ tí oníkálukú ń gbé àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni ó yan ọrun fún un.

Ní ayé òde òní, gíláàsì tí a ń pè ní fiberglass ti gba ipò ìwo àti iṣan. Kò bẹ̀rù ọ̀rinrin. Ní Amẹ́ríkà, Fred Bear fi ọrun olórí-títẹ̀ ṣọdẹ títí ó fi di olókìkí. Howard Hill kò fi ọrun gígùn sílẹ̀, òun náà sì ni ó ta ọfà nínú fíìmù Robin Hood ti ọdún 1938. Ọ̀gá ni àwọn méjèèjì. Nínú ìdíje Olympics, láti ìgbà tí ọfà títa ti padà síbẹ̀ ní ọdún 1972 títí dé ti Paris ní ọdún 2024, recurve nìkan ni wọ́n lò. Àwọn obìnrin Kòríà sì ti gba góòlù ẹlẹ́gbẹ́jọdá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá léraléra láti ọdún 1988. Recurve kan náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè mú lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánrawò kò dọ́gba.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun àjèjì ni a fẹ́ kó wọ ẹgbẹ́. Nígbà tí Ibn Battuta dé Málì, aládùúgbò wa lókè yìí, ní ọdún 1352, ó rí i tí Mansa Sulayman jáde sí gbangba pẹ̀lú ọrun lọ́wọ́ àti apó ọfà lẹ́yìn. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò gbàgbé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ọdẹ, ará Kétu, ọrun àti ọfà ni àmì rẹ̀ níbẹ̀ títí di òní.

Ibi tí ìgbìmọ̀ wá fẹnu kò sí nìyí. Ọrun olórí-títẹ̀ tí apá rẹ̀ ṣe é tú ni a ó rà fún àwọn ọ̀dọ́. Bí ọmọ bá dàgbà, apá rẹ̀ nìkan ni a ó pààrọ̀, kì í ṣe odindi ọrun. Kílò 9 sí 13 tó fún àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọrun gígùn lè rà á fúnra rẹ̀: kì í pariwo, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, kò sì tètè yí bí ọwọ́ bá ṣì í mú. Kí ó rántí láti tú ọsán rẹ̀ lẹ́yìn eré. Èyí ó wù kí ó jẹ́, a kì í fa ọrun kí a jọ̀wọ́ ọsán láìsí ọfà lórí rẹ̀, nítorí ó lè ṣẹ́. A kì í sì í na ọfà sí ènìyàn, ìbáà ṣe eré.

Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Ọrun yòówù tí a bá rà, bí a kò bá pàdé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fi dánra wò, ọ̀pá lásán ni yóò dà sí igun gbọ̀ngàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè wa lẹ́nu àwọn ọmọ tí a bí sí àjò yìí. A bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí, ẹ máa mú wọn wá, kí àwọn àgbà tí wọ́n mọ ọrun fi èdè Yorùbá kọ́ wọn.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọsán ẹgbẹ́ wa já. Àṣeyí ṣe àmọ́dún o.