Ezra Jack Keats àti Ọmọ inú Yìnyín

Àwọn Júù tí wọ́n ṣí wá láti Pólándì ni ó bí Ezra Jack Keats ní Brooklyn ní 1916. Jacob Ezra Katz ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ìkórìíra tí ó wà fún àwọn Júù ní Amẹ́ríkà ni ó mú kí ó yí i padà ní 1947.

Ní 1940, ó gé àwòrán ọmọdékùnrin adúláwọ̀ kan kúrò nínú ìwé ìròyìn Life, ó sì tọ́jú rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 22. Ọmọ yìí ni ó di Peter nínú The Snowy Day, ìwé tí Keats kọ, tí ó sì ya àwòrán rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 1962. Bébà gígé ni ó lẹ̀ pọ̀ di àwòrán. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni ó fi wọ́n yíǹkì sí ojú ewé tí Peter ti ń sùn. Ìwé náà gba àmì-ẹ̀yẹ Caldecott ní 1963.

Ní 1965, Nancy Larrick bẹnu àtẹ́ lù ú pé ọ̀rọ̀ ìwé náà kò sọ níbì kan pé adúláwọ̀ ni Peter. N kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá wo ni í kọ́kọ́ rán ọmọ rẹ̀ létí àwọ̀ ara kí ó tó jẹ́ kí ó jáde lọ ṣeré? Ti ìyá Peter tí Keats yà ní rọ̀bọ̀tọ̀ nínú aṣọ aláwọ̀ ìyeyè, ibẹ̀ ni àríwísí Larrick ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Keats kú ní 1983. Ní 2020, Ilé-Ìkàwé Gbogbogbòò ti New York kéde pé ìwé yìí ni àwọn ènìyàn yá jù lọ láàárín ọdún 125 tí a ti dá a sílẹ̀: ìgbà 485,583.