Bí Àwọn Ilé Ìwòsàn Ṣe Kọ́ Láti Ran Ara Wọn Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá síwájú yín jẹ́ ti ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí àìsàn ti gbé dé ẹnu ibodè ikú. Àwọn baba wa a máa wí pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí òwe náà ti jẹ́ òtítọ́ fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ òtítọ́ fún ilé ìwòsàn.

Ní ọdún 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen, olú-ìlú Dẹ́ńmáàkì, ó sì ń rọ iṣan tí ènìyàn fi ń mí. Ilé ìwòsàn Blegdam ni a ń kó wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìmí tí ó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Dókítà Bjørn Ibsen dá a lábàá pé kí a lu ihò sí ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn, kí a sì máa fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ láti inú àpò sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ni ó pín iṣẹ́ yìí ṣe, lọ́sàn-án àti lóru. Ṣáájú rẹ̀, nínú 10 tí àrùn náà gba èémí lọ́wọ́ wọn, ó ju 8 lọ tí ń kú; kò pẹ́ tí iye náà fi dín sí nǹkan bí 4. Ní ọdún 1953, Ibsen dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn mìíràn nínú ìlú náà.

Irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ tàn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìnáwó rẹ̀ pọ̀, nítorí nọ́ọ̀sì kan ni a ń yàn ti aláìsàn kan tí ẹ̀rọ ń bá mí. Ibùsùn kò lè pọ̀ níbẹ̀, olúkúlùkù ilé ìwòsàn sì ń ṣọ́ tirẹ̀. Bí ibùsùn bá kún, oníṣègùn a jókòó ti tẹlifóònù, a máa bèèrè àyè láti ilé ìwòsàn kan dé èkejì, nígbà tí èémí aláìsàn ń lọ. Bí àyè bá sì yọ, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ni a ń rán tẹ̀ lé e, ìbáà ṣe ẹni tí kò rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọdún 2000, ìjọba ilẹ̀ náà tẹ ìwé kan jáde, tí a pè ní Comprehensive Critical Care. Ó ní kí a máa fi bí àìsàn ti le tó wọn ìtọ́jú, láti ipò 0 dé ipò 3, kí àwọn ilé ìwòsàn agbègbè kan sì dara pọ̀ di ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹgbẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́. Èkíní, wọ́n fi ẹnu kò lórí ìlànà kan ṣoṣo. Èkejì, olúkúlùkù ń jẹ́ kí ìyókù mọ iye ibùsùn tí ó ṣí sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ibi tí oníṣègùn ọpọlọ wà, àti ibi tí a ti mọ ìtọ́jú ẹni tí iná jó. Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó ṣòro jù, ni ìrìn àjò fúnra rẹ̀. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú aláìsàn kí ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀; ọ́síjìn inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ju èyí tí ọ̀nà náà gbà lọ; àwọn tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà ni ó sì yẹ kí ó bá a lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ bá ń le, wọn a dá a padà sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ẹbí rẹ̀.

Ìdánwò ńlá dé ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà bo ayé. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ́nù kún àkúnwọ́sílẹ̀, a sì gbé àwọn aláìsàn kan lọ sí agbègbè tí ó jìnnà. Ìrora wà nínú rẹ̀: ènìyàn lè jí ní ìlú tí kò mọ̀, kí aya àti ọmọ rẹ̀ wà lókèèrè. Síbẹ̀, ibùsùn ní ọ̀nà jíjìn sàn ju àìsí ibùsùn nílé lọ.

Ẹ̀yin ará, ilé ìwòsàn tí ó fi ibùsùn rẹ̀ ìkẹyìn fún àlejò kò mọ̀ bóyá ọmọ ìlú tirẹ̀ yóò nílò rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ni ó lè mú kí ó ṣe é: pé ẹnìkejì rẹ̀ yóò ṣí ilẹ̀kùn fún òun náà. A kì í sì í dá irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ ìpọ́njú. Ohun tí Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kọ́ ìjọ Kọ́ríńtì nípa ara kan àti ẹ̀yà púpọ̀ kò mọ sí inú ilé ìsìn. Níbikíbi tí ìjọ bá ti ní ilé ìwòsàn, kékeré tàbí ńlá, kí a bá aládùúgbò wa dá májẹ̀mú nígbà tí ara le, kí ó lè gbà wá nígbà àìsàn.